Ẹsẹ̀ Tí Omi Ń Jẹ: Àgbéyẹ̀wò Làpálàpá Ẹsẹ̀ àti Awọ Tó Ń Bó

Ìkóríta ni Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọ̀nà tó ti Ìlọrin bọ̀ pín sí méjì níbẹ̀: ọ̀kan kọrí sí Ọ̀ffà, èkejì gba Òmù-Àrán lọ sí ìhà Kàbbà. Bí ènìyàn bá dúró síbẹ̀ nígbà òjò, tó sì tẹjú mọ́lẹ̀, oríṣiríṣi ẹsẹ̀ ni yóò rí: ẹsẹ̀ awakọ̀ tí kò tíì kúrò nínú kánfáàsì láti òwúrọ̀, ẹsẹ̀ ọlọ́kadà nínú bùtù rọ́bà, ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀ tó tutù, ẹsẹ̀ àwọn tó da màlúù wá sí ọjà ẹran, ẹsẹ̀ ìyá tó ti ń fọ ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀. Kò sí ẹni tó ń gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń yún un, nítorí náà ọ̀ràn kékeré ni wọ́n kà á sí. Èmi kò kà á sí kékeré. Ohun tó ń ba oorun jẹ́, tó ń mú kí ọmọ ilé ìwé máa tijú láti bọ́ bàtà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì lè ṣílẹ̀kùn fún àìsàn tó ń mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ènìyàn, ó tó ohun tí à ń jókòó yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé a gbójú lé agbára oògùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ipara tó le jù là ń wá, tó máa mú un kúrò lọ́la. Bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí làpálàpá ẹsẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ tí kò gbẹ, oògùn tí a dá dúró kó tó pé, àti oògùn tí a lò fún àrùn mìíràn tó jọ ọ́.

Oríṣi mẹ́ta ló ní. Ti àkọ́kọ́, àárín ọmọńdinrín ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló há jù, afẹ́fẹ́ kì í sì í ráàyè wọ ibẹ̀. Awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, á funfun, á là, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún, pàápàá lásìkò tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òórùn lè bá a rìn. Èyí ni àwọn ènìyàn wa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ní omi ti jẹ àwọn lẹ́sẹ̀.

Oríṣi kejì ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yún, kò lómi, kì í sì í rùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ á kàn gbẹ, á nípọn, àwọn ìlà inú rẹ̀ á funfun bí ẹni pé ènìyàn tẹ ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀. Á yí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ká dé ibi tí etí bàtà máa ń dé. Ẹlòmíràn á gbé e rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa pè é ní ẹsẹ̀ ọyẹ́, á sì máa fi òrí pa á. Òrí máa ń mú awọ rọ̀, ohun rere sì nìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè pa ohun tó ń jẹ awọ náà lábẹ́. Àmì kan wà tí kì í sábà parọ́: kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa bó, kí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo sì máa bó pẹ̀lú wọn. Ọyẹ́ kì í mú ọwọ́ kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí lára rẹ̀, kó fura pé ọwọ́ tó fi ń họ ẹsẹ̀ ni àrùn náà gbà gòkè.

Ẹ̀kẹta máa ń yọ bí ìléròrò kéékèèké tó lómi nínú, ní ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti kọ́ sókè. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá pẹ́ jù, á wọ èékánná. Èékánná á nípọn, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa rún. Àrùn tó bá ti dé èékánná ti rí ilé kọ́, ibẹ̀ ni á ti máa padà wá sí awọ lẹ́yìn tí ipara bá ti lé e lọ.

Ohun tó ń fa gbogbo èyí kì í ṣe omi fúnra rẹ̀. Èbu ni. Ẹ̀yà èbu kan wà tó yan èékánná, irun àti awọ òkè tó ti kú láàyò, nítorí pé èròjà tí wọ́n ń pè ní keratin, tó para pọ̀ di àwọn nǹkan wọ̀nyí, ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó gbilẹ̀ jù láyé lónìí ń jẹ́ Trichophyton rubrum, ìtàn rẹ̀ sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn onímọ̀ èbu gbà pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn ibi tó ti wà tipẹ́, pẹ̀lú Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, Indonesia àti àríwá Australia. Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, ara ló ti ń mú àwọn tí kì í wọ bàtà, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn dé láti Yúróòpù pẹ̀lú bùtù awọ tó dé gbogbo ẹsẹ̀ pa nínú ooru ilẹ̀ wa ni èbu náà tó rí ibi tó tù ú lára jù: òkùnkùn, ooru àti òógùn. Wọ́n gbé e padà sílé ní ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, Ogun Àgbáyé sì bá wọn fọ́n ọn ká. Ọdún 1888 ni dókítà ará Ítálì kan, Pellizzari, kọ́kọ́ ṣàlàyé làpálàpá ẹsẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn. Ní báyìí, àwọn ìwé ìṣègùn sọ pé nínú ènìyàn mẹ́wàá, bíi méje ni yóò ní in nígbà kan rí láyé wọn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìtàn yìí, nítorí pé ó yí ìbéèrè padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdọ̀tí ni, pé ẹni tí kì í wẹ̀ ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ tó fẹsẹ̀ lásán tẹ ẹrọ̀fọ̀ ni ìbá kọ́kọ́ pa. Bàtà ló sọ èbu ara di èbu ẹsẹ̀. A kò lè ní kí ènìyàn má wọ bàtà mọ́: ejò wà, ìgò fífọ́ wà, ìṣó wà. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ pé ọmọ tí ilé ìwé fi dandan lé ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà aláwọ̀ dúdú fún láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán, agùnbánirọ̀ tó wọ bùtù ológun ní ibùdó, àti ọlọ́dẹ tó fi bùtù rọ́bà sùn ní ẹnu ọ̀nà báńkì, ipò kan náà tí àwọn ọmọ ogun amúnisìn wà ni wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá wọ inú èyí, ó sì yẹ ká sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó ń kírun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ń fọ ẹsẹ̀ ní iye ìgbà tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Sunna sì ni kí a fi ọmọ ìka gbo àárín àwọn ìka ẹsẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ̀ wọ́n. Ìmọ́tótó gidi nìyẹn, torí ó ń kó awọ tó ti kú àti òógùn kúrò níbi tí èbu ti ń wá oúnjẹ. Wàhálà wà nínú ohun tó tẹ̀ lé e: kí a ki ẹsẹ̀ tútù padà bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí a sì há a mọ́ inú bàtà di ìrun tó kàn. Sálúbàtà tí gbogbo ènìyàn jọ ń wọ̀ níbi àlùwàlá tún ń gbé èépá awọ láti ẹsẹ̀ kan dé òmíràn. Ní Adana, nílẹ̀ Turkey, àwọn olùwádìí ti yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń lọ sí mọ́sáláṣí déédéé wò nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kò sí ohun tí ìjọsìn ṣẹ̀. Aṣọ ìnura kékeré kan nínú àpò, tí ènìyàn fi nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí kò sì yá ẹlòmíràn, ti parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ìyá tó ń fọ ẹ̀gẹ́ àti àwọn tó ń fọ aṣọ fún owó nílò aṣọ ìnura kan náà, àní bí kò bá sí ẹni tó rán wọn létí lórí mínbárì.

Ní báyìí, ká wá sí ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń bó ni èbu wà lára rẹ̀.

Gìgísẹ̀ tó sán nígbà ọyẹ́ kò nílò oògùn èbu rárá. Awọ tó nípọn tó sì gbẹ ló là nígbà tí ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ rì í bọ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi òrí tàbí fasilíìnì pa á kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e sùn. Ipara tó ní urea nínú ṣiṣẹ́ ju òrí lọ fún èyí tó bá nípọn jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi abẹ gé e. Bírẹ́kíìlà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bó, tó sì ń là, tó sì ń yún lọ́wọ́ pẹ̀lú, kó kọ́kọ́ fura sí sìmẹ́ńtì, torí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí awọ ẹlòmíràn kì í gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àléfọ́ rẹ̀ gba ojú ibi tí okùn sálúbàtà gbà lórí ẹsẹ̀ gẹ́lẹ́: rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù bàtà náà ni kó bá jà, kó pààrọ̀ bàtà. Ẹsẹ̀ tó ń rùn burúkú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́, bakitéríà ló wà níbẹ̀, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí tó bá ń yún ní òru, tó wà láàárín ìka ọwọ́, tí gbogbo ará ilé sì jọ ń họra, kúrúnà ni. Bí awọ ojúgun bá gbẹ, tó sì ṣe tótòtó funfun lára ẹni tó dàgbà sí etí odò tó ń sáré, kó béèrè nípa inárun, èyí tí eṣinṣin odò máa ń gbé kiri. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn Mectizan tọrẹ nítorí rẹ̀, ìpínlẹ̀ Kwara sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń pín in.

Ọ̀kan wà tí n kò lè sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ máa ń jọ làpálàpá tàbí awọ gbígbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú kan lára á pọ́n tàbí kó ṣì, á gbẹ, òógùn kò ní í jáde níbẹ̀ mọ́. Ó tún lè jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni á gbẹ hán-ún, torí iṣan tó ń mú un làágùn ti kú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé làpálàpá sábà máa ń yún, ojú ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún, kì í sì í sábà dunni. Ẹ fi òwú kan ojú ibẹ̀ nígbà tí ẹni náà bá dijú. Bí kò bá mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ Igbómìnà mọ àrùn yìí dáadáa: ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Òkègbàlà, nítòsí Òmù-Àrán. Láti 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń fún àwọn tó ní in ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, oògùn náà sì ń wò ó sàn pátápátá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di àbùkù ni àwọn ọdún tí ènìyàn fi ń pa ipara làpálàpá lé e lórí.

Ká padà sórí èbu. Nínú àwọn ọmọdé, orí ni èbu tó ń fa làpálàpá ti ń ṣọṣẹ́ jù, kì í ṣe ẹsẹ̀. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí àrùn èbu lára àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Òyì, lẹ́bàá Ìlọrin. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé bí 35 nínú 100 ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní àrùn èbu lára, làpálàpá orí ló sì pọ̀ jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì gbọ́ ni pé ipara kì í wo ti orí sàn, torí èbu náà ti wọ inú gbòǹgbò irun. Oògùn jíjẹ ló ń lé e. Griseofulvin, tí wọ́n rí lára èbu mìíràn ní 1939, tí ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti 1958, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọmọ á jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá, kí ara lè gbà á dáadáa, dókítà ló sì ń wọn ìwọ̀n rẹ̀. Mo fi èyí kún ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nítorí pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé: èbu ẹsẹ̀ bàbá lè di ti ara ọmọ, irin ìgẹrun kan lè kó ti orí ọmọ kan ran mẹ́wàá. Àwọn tó ń fọwọ́ kan màlúù ní ọjà Àjàṣẹ́ tún lè kó oríṣi kan lára ẹran, èyí tó máa ń hàn ní apá àti ọrùn, tó sì máa ń wú tó sì máa ń dunni.

Kí ló wà nílẹ̀ láti fi tọ́jú ẹsẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà. Ewé àsùnwọ̀n òyìnbó, igi tó máa ń hù létí àbàtà tí ìtànná ìyeyè rẹ̀ nàró sókè, ni àwọn baba wa fi ń gbo làpálàpá, wọn kò sì ṣìnà. Àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀ ń dá èbu dúró ní tòótọ́. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, akapulko ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ewé mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba wọn fọwọ́ sí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ tẹ àbọ̀ jáde lórí ọṣẹ tí wọ́n fi ewé náà ṣe fún àrùn awọ. Ibi tó kù sí ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró lójú kan: ewé tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ, ewé ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì kéré, n kò ní ká má lò ó, bí ènìyàn bá lè tẹra mọ́ ọn. Kí ènìyàn má ṣe mu àgbo rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ o, torí ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ọṣẹ dúdú ń fọ ẹsẹ̀ mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹrosíìnì, omi bátìrì, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ọsàn wẹ́wẹ́ lórí awọ tó ti là: gbogbo wọn ń jó awọ, ènìyàn á sì rò pé títa náà ni ìwòsàn. Awọ tí wọ́n ti jó ni èbu àti bakitéríà tún ń rọ́nà wọ̀ jù.

Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, èyí tó dàgbà jù ni ipara Whitfield. Arthur Whitfield, dókítà awọ ara ará Gẹ̀ẹ́sì, ló pò ó ní 1907 pẹ̀lú benzoic acid àti salicylic acid: ọ̀kan ń dá èbu dúró, èkejì ń bó awọ tó ti kú tí èbu fara pa mọ́ sí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ti fìgbà kan wà nínú ìwé oògùn kòṣeémáàní Àjọ Ìlera Àgbáyé, owó rẹ̀ kò sì ga. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó nípọn ló bá mu jù. Kò yẹ lórí ibi tó ti là, torí ó ń ta. Clotrimazole ló kún ìgboro. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń lò ó. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jìn sí kòtò: lọ́jọ́ kẹrin, yíyún á dá, wọ́n á gbé ipara náà sójú fèrèsé, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á ní oògùn náà kì í ṣe ojúlówó. Yíyún ló lọ, èbu wà níbẹ̀. Terbinafine wọ́n ju clotrimazole lọ, ṣùgbọ́n pípa ló ń pa èbu, kì í wulẹ̀ dá a dúró, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan sí méjì máa ń tó fún ti àárín ìka. Ẹni tí kò ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó gbé ìyẹn wò kó tó ka iye owó. Èyí tó wù kí ènìyàn lò, kó pa á kọjá ibi tó ń yún, torí èbu máa ń ṣáájú èyí tí ojú rí, kó sì pa á sí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ti èékánná le jù. Ipara kì í sábà dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Terbinafine jíjẹ fún oṣù mẹ́ta ló ń wò ó, dókítà á sì yẹ ẹ̀dọ̀ wò kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ máa ń gba ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ kó tó hù tán, nítorí náà kí aláìsàn ní sùúrù. Ketoconazole jíjẹ, tí àwọn kan ṣì ń rà kiri, ni kí ènìyàn sá fún: ní 2013, Yúróòpù ní kí wọ́n dá lílò rẹ̀ fún àrùn èbu dúró, Amẹ́ríkà sì fi ìkìlọ̀ líle dè é, nítorí ohun tó ń fi ojú ẹ̀dọ̀ rí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ́jà wa ni àwọn ipara alápòpọ̀, tí wọ́n ki oògùn èbu, oògùn bakitéríà àti sitẹ́rọ́ìdì líle sínú túùbù kan. Sitẹ́rọ́ìdì ló ń mú yíyún dá láàárín ọjọ́ méjì, òun ló sì ń mú kí gbogbo ènìyàn máa yìn ín. Ohun tó ń ṣe lábẹ́ ni pé ó ń sọ agbára ìdáàbòbò awọ di aláìlágbára, èbu á sì máa tàn ní ìdákẹ́jẹ́ láìpọ́n, láìyún, títí yóò fi yí àwọ̀ padà tí dókítà pàápàá kò fi ní í dá a mọ̀ mọ́. Awọ á tún fẹ́lẹ́, á ṣì. Nítorí ṣíṣì yìí ni àwọn kan ṣe ń rà á pa ojú, bẹ́ẹ̀ ni ipara ẹsẹ̀ ṣe di ipara ìbóra. Orílẹ̀-èdè India ti jẹ ìyà èyí ṣáájú wa. Níbẹ̀, níbi tí irú àwọn ipara alápòpọ̀ yìí ti gbilẹ̀ láìsí ìwé dókítà, oríṣi èbu tuntun kan gbòde, èyí tí terbinafine kì í sábà ràn. Ní 2020 ni wọ́n sọ ọ́ ní Trichophyton indotineae, nígbà tó sì di 2023, Amẹ́ríkà kéde pé ó ti dé New York. Bí a bá ń lo oògùn bí a ṣe ń lò ó báyìí, kò sí ohun tó ní kó má dé Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ ra ipara, kó ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀: bó bá rí betamethasone tàbí clobetasol, kó dá a padà.

Ẹ wá wo ibi tí gbogbo èyí ń lọ. Ní 2015, àwọn dókítà awọ ara tí ẹlẹgbẹ́ wọn láti Lomé, ní Tógò, léwájú fún tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà lórí ohun tó ń fa kí ẹsẹ̀ ṣàdédé wú, kó pọ́n, kó gbóná, kí ibà sì gbé ènìyàn dè. Àwọn bakitéríà tó ń wọ abẹ́ awọ ló ń fà á. Láàárín àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, ibi tó là láàárín ìka ẹsẹ̀ wà lára àwọn tó lágbára jù. Fífi ipara bóra náà tún wà lára ohun tó ń dá kún un. Ẹni tó ń lo ipara alápòpọ̀ bóra, tí omi sì ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà nínú ewu jù, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora mọ́, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá tọ́jú ẹsẹ̀ nílé rárá. Ní alaalẹ́, kó wo àárín ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò ná ènìyàn ní nǹkan púpọ̀. Kó ní bàtà méjì tó ń pààrọ̀, kí ọ̀kan máa sá sí oòrùn ní odindi ọjọ́ kan nígbà tó ń wọ èkejì. Kí ó pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́, kó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Bí èbu bá ti wà lẹ́sẹ̀, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó wọ pátá, kí pátá má baà gbé e láti ẹsẹ̀ gòkè sí itan àti abẹ́. Kó má fi aṣọ ìnura tó fi nu ẹsẹ̀ nu ara. Bó bá dé ilé, kó bọ́ bàtà, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá èbu ni tàbí kì í ṣe òun kò nira: wọ́n á ha èépá awọ díẹ̀ sórí díńgí kékeré, wọ́n á kán potassium hydroxide sí i, wọ́n á fi máíkírósíkóòpù wò ó láìpẹ́ sí i. Yàrá àyẹ̀wò tó bá ti ní máíkírósíkóòpù fún ibà lè ṣe é. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn pé kí wọ́n jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí àti ipara Whitfield wà nígbà gbogbo ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo àti ní àwọn ilé ìlera tó wà láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́. Mo bẹ àwọn olórí ilé ìwé pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ láyè láti wọ sáńdà aláfẹ́fẹ́ nígbà òjò. Ẹ̀yin tó sì ń ka èyí, bí ẹ bá ti lo ipara fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé, tí ẹsẹ̀ yín gbẹ ní gbogbo ìgbà, tí kò sì lọ, ẹ má ra òmíràn mọ́. Ẹ lọ fi han dókítà. Bó bá kọjá agbára tiwọn, wọ́n á kọ̀wé yín sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin.